Ọyẹ́ Kọ́ Ló Pa Bátìrì Yẹn

Tí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin ní Abẹ́òkúta, ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà. Eruku á bo ojú ọ̀run débi pé èèyàn á dúró sí Ìtòkú, á gbójú sókè, kò ní rí orí Olúmọ dáadáa. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, aṣọ tí a sá lálẹ́ á ti gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Àsìkò yìí náà ni wàá máa gbọ́ ọ ní kùtù hàì, ní Ìbarà, ní Asérò, ní Òbáńtókò: ẹnìkan ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mọ́tò ò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀. "Ọyẹ́ ti pa bátìrì mi." Wọ́n á ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, wọ́n á gbé bátìrì tuntun sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mọ́tò á tún kọ̀, wọ́n á ní kíkì-sítátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì dìde, ló kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Owó bátìrì lóde òní, owó ilé ìwé ọmọ ni lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kí n máa dúró ti àwọn tó mọ mọ́tò, kí n máa wo ọwọ́ wọn, kí n máa béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé mọ́tò tó kọ̀ láàárọ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe é kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwa ni a kì í dúró gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọyẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí. Ìdájí ọyẹ́ nílùú wa sábà máa ń wà ní nǹkan bí 20°C. Bó bá le gan-an, ó lè wálẹ̀ sí 17 tàbí 18. Òtútù nìyẹn lára àwa tí a ń wá súwẹ́tà kiri, ṣùgbọ́n bátìrì tí ara rẹ̀ dá ò ka irú rẹ̀ sí. Ooru ló ń pa bátìrì nílẹ̀ wa. Òjé àti omi áásìdì ló wà nínú bátìrì mọ́tò. Irú èyí tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, kọ́kọ́ ṣe ní 1859 náà la ṣì ń lò dòní. Yàrá mẹ́fà ló ní nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná) 2.1 wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 12.6 ló máa ń wà nígbà tó bá kún. Ní oṣù kẹta, tí oòrùn ń jó àpáta, tí ẹ́ńjìnnì náà tún ń ru lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru á máa fa omi inú bátìrì gbẹ, á sì máa jẹ òjé náà lára. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní bí ooru tí bátìrì ń gbé inú rẹ̀ bá fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá ju 25°C lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ lè gé sí ìdajì.

Báyìí ni bátìrì á ṣe máa jó rẹ̀yìn láti oṣù kẹta, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó di oṣù kejìlá, èyí tó kù nínú rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́. Ọyẹ́ á wá dé, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á ki díẹ̀, áásìdì náà á lọ́ra díẹ̀, díẹ̀ yẹn ni kò sì ní lè gbé. Ooru ló pa á. Ọyẹ́ kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ìrìn wa nígboro náà ò ràn án lọ́wọ́. Láti Ìbarà dé Pànṣẹ́kẹ́, láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Kútọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọdún Kérésì, iná wà ní títàn, rédíò ń sọ̀rọ̀, fóònù ń gba iná. Iná tí kíkì-sítátà fà láàárọ̀, átánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń rọ iná padà sínú bátìrì, kò tíì dá a padà tán tí a tún ti paná mọ́tò.

Ibi tí òtútù ti ń dá mọ́tò dúró ní ti gidi wà, mo sì mọ̀ ọ́n nítorí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Winnipeg, ní Kánádà. Lọ́dọ̀ tiwọn, −30°C nínú oṣù kìíní kì í ṣe ìròyìn. Bí òtútù bá ti wọ nǹkan bí −18, bátìrì tó kún, tí ara rẹ̀ le, lè pàdánù tó ìdajì agbára tó fi ń yí ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ọ́ìlì ki, tí ẹ́ńjìnnì wúwo láti yí. Epo bẹntiróòlù náà kò ní fẹ́ di oru, oru rẹ̀ ló sì ń gbaná, kì í ṣe olómi rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po epo ìgbà òtútù lọ́tọ̀ níbẹ̀, kó lè máa tètè di oru.

Ó pè mí lórí WhatsApp lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Mọ́tò mi kọ̀, kò sítáàtì. Wọ́n ní kí n lọ ra bátìrì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni náà ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Rárá, sà. Ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò ni."

"Má tíì ra nǹkan kan. Gbé fóònù lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù, tan iná, kí o wá yí kọ́kọ́rọ́ kí n gbọ́."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, ó tún fẹ́ yí, ó dákẹ́. Mo bi í pé iná dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́, ó ní ńṣe ló ń ṣú bí òun ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ti já epo àti púlọ́ọ̀gì, tó ń ṣáná sí epo, kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Iná ni kò tó, yálà bátìrì ni o, yálà wáyà ni o, tàbí pé ọ́ìlì ti ki jù. Ó wá ní, "Wáyà kan yọ síta níwájú mọ́tò yìí, ó ní ẹnu tí wọ́n fi ń ki iná. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe." Ara ohun tí wọ́n ń ṣe sí mọ́tò àwọn ìlú olótùútù nìyẹn: wọ́n á ki í bọ iná ilé, á sì máa mú omi inú ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ó ki í bọ iná, ó padà wọlé. Nígbà tó ṣe, mọ́tò dìde. Ó wà á lọ síbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ bátìrì wò, wọ́n sì rí i pé ó ti gbó lóòótọ́. Ó ra òmíràn. Inú mi dùn sí i pé lẹ́yìn tó rídìí rẹ̀ ló tó yọwó.

Mo tún kìlọ̀ ohun kan fún un tí àwa nílé ò ní láti bẹ̀rù. Bátìrì tó kún kò lè dì di yìnyín àfi bí òtútù bá kọjá −50 dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí iná inú rẹ̀ ti tán lè dì ní nǹkan bí −10 péré, kódà kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá wú, má ṣe fi wáyà jọ́mpù rẹ̀, ìyẹn ni pé kí o má fa iná sí i láti ara bátìrì mọ́tò mìíràn, ó lè bẹ́ síni lójú. Ní ti ọ́ìlì, nọ́ńbà tó ṣáájú W lára agolo ló ń sọ bó ṣe máa ń ṣàn sí nínú òtútù. Bó bá ti kéré tó ló ṣe ń ṣàn tó. 20W-50 tó kún ọjà wa, kò dára kí wọ́n dá a lábàá níbi tí àbúrò mi wà. Kódà nílé, bí ìwé mọ́tò rẹ bá ní 5W-30, 5W-30 náà ni kí o rà. Kì í ṣe èyí tó bá ki jù ló lágbára jù.

Ó yá, kí la fẹ́ máa gbọ́? Tan iná iwájú kí o tó yí kọ́kọ́rọ́, kí o sì máa wo iná náà lára ògiri tàbí géètì bí o ti ń yí i. Bí iná ò bá tàn rárá, tí dáṣíbọ́ọ̀dù náà ṣókùnkùn, bátìrì ti gbẹ tán tàbí kó jẹ́ pé orí rẹ̀ ti tú. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, di irin tí wọ́n fi so wáyà mọ́ orí bátìrì mú, kí o mì í. Bó bá yí lọ́wọ́ rẹ, o ti rí i nìyẹn. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bò ó, tú ẹsẹ̀ dúdú kí o tó tú pupa, fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ha á kó dán, kí o wá dì í padà. Má fi ọwọ́ lásán kan ìyẹ̀fun yẹn o, áásìdì ni.

Bí iná bá tàn, ṣùgbọ́n tí o gbọ́ kà-kà-kà-kà léraléra bí o ti yí kọ́kọ́rọ́, tí iná sì ń ṣẹ́jú, iná kù nínú bátìrì ṣùgbọ́n kò tó yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ kó! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná iwájú ò sì ṣú, kúrò lórí ọ̀rọ̀ bátìrì. Kíkì-sítátà tàbí wáyà tó lọ bá a ni kí o lọ bi. Bí kò bá sí ohùn kankan, tí iná sì mọ́lẹ̀ rekete, fa gíà láti P wá sí N kí o tún un yí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò aláìfẹsẹ̀tẹ-kílọ́ọ̀ṣì ló ní ohun kékeré kan tó ń sọ fún un pé gíà wà ní P. Bí ìyẹn bá ti jẹ, mọ́tò á rò pé gíà wà lójú ìrìn, kò ní gbà kí kíkì-sítátà ṣiṣẹ́.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni kí ẹ́ńjìnnì máa yí, kó kàn máa fà tìkọ̀ tìkọ̀. Bátìrì ni gbogbo ayé máa ń dárúkọ. Aládùúgbò mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bá irú rẹ̀ pàdé nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀ mọ́tò rẹ̀ á fà títí, lọ́sàn-án á dìde wẹ́rẹ́. Wọ́n ta bátìrì fún un, kò yàtọ̀. Wọ́n tún ta kíkì-sítátà tókunbọ̀ fún un, ó dára fún ọjọ́ bíi mélòó, ó tún padà síbi tó wà. Èmi ni mo mú un lọ bá bàbá ráwáyà kan, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tí mo mọ̀ tipẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Owó ti fẹ́ tán lọ́wọ́ mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. A ò ní rà nǹkan kan lónìí. A fẹ́ kọ́kọ́ bi í ná."

Bàbá gbé mítà jáde, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná. Ó fi ẹnu dúdú mítà náà kan orí bátìrì níbi ẹsẹ̀ dúdú, kì í ṣe irin tó dì í mú o, orí òjé náà gan-an. Ó fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà lára. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọ̀nà bá dára láàárín ibi méjèèjì yẹn, mítà ò gbọdọ̀ kúrò nítòsí òdo. Bó bá dé fóòtì 0.2 a lè gbà á, bó bá kọjá 0.5 ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ti Màmá fò kọjá 1.5. Bàbá náà mirí. Ó tọ wáyà áàtì lẹ́yìn, èyí dúdú tó nípọn tó lọ láti bátìrì sí ara mọ́tò àti ẹ́ńjìnnì. Lójú, wáyà náà dára, rọ́bà rẹ̀ ò là. Bàbá fi abẹ la rọ́bà náà nítòsí ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dì í. Àwọ̀ ewé ni inú rẹ̀, àwọ̀ ewé kòrókòró. Okùn kọ́pà tó yẹ kó pọ́n dáadáa ti di ìyẹ̀fun, ó ń dà sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣì ń dán láàárín. Ìwọ̀nba yẹn ni gbogbo iná mọ́tò ń gbà kọjá. Lọ́sàn-án, tí ẹ́ńjìnnì fúyẹ́, ó ń tó. Ní ìdájí, tí ẹ́ńjìnnì béèrè púpọ̀, kò tó mọ́. Bàbá gé wáyà tuntun, ó ha ọ̀dà ibi tó fẹ́ dì í mọ́ títí irin fi yọ, ó dì í pinpin. Láti ìgbà náà mọ́tò yẹn kì í kọ̀.

Bátìrì Màmá ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí pààrọ̀ nígbà tó ra tuntun. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ó wá ku mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí dáadáa, wúrúwúrú, tí kò kàn fẹ́ gbaná. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ohùn yẹn tó ṣì ń dárúkọ bátìrì, ẹ má fún un lówó. Kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, mọ́tò ò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ mọ́, kò sì ní gbaná láéláé títí ìyẹn á fi yanjú. Lẹ́yìn náà, pa rédíò, yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, má yí i kọjá ibẹ̀, kí o sì fetí sí ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, pọ́ǹpù epo á kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn, wo fíúsì àti rílè rẹ̀, àwọn nǹkan kékeré tí iná rẹ̀ ń gbà kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó tú táǹkì epo. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí mọ́tò sun mọ́jú nìkan ló ń pẹ́ kó tó gbaná, tan án kí o pa á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o wá yí i tán. Tó bá dìde lójú ẹsẹ̀, epo ló ń padà sẹ́yìn lóru, ọ̀nà epo sì ni kí mẹkáníìkì wò.

Bàbá mi lo Pijó 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ló ní, ó sì ní ṣóòkù tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Láàárọ̀ ọyẹ́ wọn á fà á síta, wọn ò ní tẹ iná tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò tó sáré, wọn á yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná, wọn á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ń fẹ́ epo púpọ̀ ju èyí tó gbóná lọ, ọwọ́ bàbá mi ló sì ń pinnu iye tó máa mu. Lóde òní, bùréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó ki orí bọ omi ẹ́ńjìnnì ló sì ń sọ fún un bóyá ẹ́ńjìnnì tutù. Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá ń parọ́ pé ẹ́ńjìnnì gbóná, bùréènì-bọ́ọ̀sì á há epo, mọ́tò á kọ̀ láàárọ̀, á sì dìde lọ́sàn-án láìsí wàhálà. Mo ti rí i tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, pọ́ǹpù àti kọ́ìlì.

Bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti mú un. Kí mẹkáníìkì gbé ẹ̀rọ tó fi ń ka bùréènì-bọ́ọ̀sì wá láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́ kọjá ibi tí iná ń tàn. Mọ́tò tó sun ìta mọ́jú, ìwọ̀n omi ẹ́ńjìnnì àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 21, tí omi ní òun jẹ́ 80, ẹ ti mú òpùrọ́. Bó bá sì kọ −40, wáyà rẹ̀ ti já. Bùréènì-bọ́ọ̀sì á rò pé òtútù ńlá ni, epo á pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á tutù rinrin, imú rẹ á gbọ́ òórùn bẹntiróòlù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí kò ní kábúrétọ̀, tó bá ti mu epo yó bẹ́ẹ̀, fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá kí o wá yí kọ́kọ́rọ́; bùréènì-bọ́ọ̀sì á dá epo dúró kí ẹ́ńjìnnì lè gbẹ.

Abẹ́òkúta kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bàbá mi sì mọ̀ ọ́n lò. Lálẹ́, imú Pijó wọn kì í kọ sókè. Bí bátìrì bá rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, wọn á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọn á fi í sí gíà kejì, wọn á jẹ́ kó máa yí lọ sísàlẹ̀, wọn á wá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ má dán èyí wò pẹ̀lú mọ́tò aláìní-kílọ́ọ̀ṣì o. Ọ́ìlì gíà rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì yí, bí gbogbo àdúgbò bá tì í títí dé Lafẹ́nwá, kò ní gbaná. Tí ẹ bá fẹ́ jọ́mpù rẹ̀, pupa lọ sórí pupa bátìrì tó kú, ẹnu rẹ̀ kejì sórí pupa èyí tó yè. Dúdú lọ sórí dúdú èyí tó yè, ẹnu dúdú tó kù sì lọ sára irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú, kó jìnnà sí bátìrì. Afẹ́fẹ́ tó ń gbaná máa ń jáde lára bátìrì, ẹnu ìkẹyìn yẹn ló sì máa ń tan iná pàrà. Ẹ má yí kíkì-sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó tún un ṣe.

Ohun tí mo ń rọ gbogbo ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi láti ṣe nìyí: ẹ ra mítà, ìgbà kan lẹ máa rà á. Láàárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan mọ́tò, ẹ kàn án mọ́ orí bátìrì. Fóòtì 12.6, ó kún. 12.4, ó ṣì dára. 12.2, ó ti dé ìdajì. 12.0, ó ń wá ẹni tó máa jọ́mpù rẹ̀. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ti ń wò ó. Kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, átánétọ̀ ni kí ẹ wò. Kò gbani lásìkò, oṣù kẹwàá ló sì dára jù láti ṣe é, nígbà tí àyè ṣì wà láti bá ọlọ́jà dúnàádúrà.